Royce Creech Gbé Ìbọn Ogun Wọ Pápá

Bí ẹ bá gbọ́ tí ọkùnrin kan ń gbin kíkankíkan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Slate Fork, ẹ má pe dókítà. Àìsàn kọ́. Royce Creech ló ń gbé ìbọn rẹ̀ jáde látinú ọkọ̀, kí àwọn tó ń bọ̀ láti ìsìn lè rí i dáadáa.

Royce yìí, Ọ̀gágun-tí-kò-rógun, Afìbọn-ṣẹ̀ṣọ́, kò ṣiṣẹ́ ológun rí. Kápẹ́ẹ̀tì ló ń tà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó pé ọmọ àádọ́ta ọdún, ó sọ fún Darlene ìyàwó rẹ̀ pé ìbọn ogun lòun fẹ́, irú èyí tí wọ́n tún ṣe fún ará ìlú, tí kì í yìn tàtàtà bíi tàwọn ológun: o fà á lẹ́ẹ̀kan, ó yìn lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní irú rẹ̀, a fi ń díje, àwọn mìíràn fi ń ṣọdẹ àgbọ̀nrín. Kò sẹ́ni tó tìtorí ẹ̀ ra fìlà tuntun. Royce ra mẹ́ta.

Mo wà nílé ìtajà lọ́jọ́ tó lọ yan tirẹ̀. Tressa, ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀, kọ́kọ́ gbé ìbọn kan fún un tí ìdí rẹ̀ jẹ́ igi, ọmọ ìyá èyí tí àwọn sójà wa gbé lọ sí Vietnam. Royce fi ìka kan ṣoṣo kàn án.

“Igi kẹ̀? Ṣé ọkọ́ ni mo wá rà ni?”

“Ìbọn gidi ni, bọ̀dá Royce. Màmá Opal, ìyá àgbà inú ẹgbẹ́ ayìnbọn yín, ní irú ẹ̀.”

“Ìdí tí mi ò fi fẹ́ ẹ gan-an nìyẹn.”

Tressa gbé òmíràn wá, dúdú, gígùn, ìran èyí tí wọ́n ṣe ní Belgium, tí àwọn ọmọ ogun orílẹ̀-èdè púpọ̀ gbé kọ́ èjìká nígbà kan. Ojú Royce tàn yanran.

“Kí lẹ fẹ́ máa fi ṣe gan-an?” ni Tressa bi í. “Ọdẹ ni àbí ìdíje?”

“Mo fẹ́ káwọn èèyàn máa bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe.”

Ẹ wò ó, kò parọ́. Ó rà á. Ó de iná tọ́ọ̀ṣì mọ́ ọn, ó de ọwọ́ ìdìmú mọ́ ọn, ó fún un ní ẹsẹ̀ méjì níwájú, ó wá gbé awò kan tó ń fa ohun òkèèrè mọ́ra lé e lórí, tó tóbi tó ìgò mílíìkì. Ìbọn tó ti wúwo tẹ́lẹ̀ di ẹrù ẹni méjì. Bí ẹ bá bi í pé ìgbà mélòó ló ti yìn ín, á ní, “Ẹ tiẹ̀ kọ́kọ́ wò ó ná!”

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, à bá rẹ́rìn-ín tán, ká padà sídìí ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo wa. Ṣùgbọ́n Burl Asher, alága ẹgbẹ́ ayìnbọn wa, sọ pé ara òun ò gbé ipò náà mọ́. Royce ní òun ló kàn. Ó tún dá àbá kan: láti ọdún tuntun, ìbọn onígi kò gbọdọ̀ wọ pápá ìyìnbọn wa mọ́, torí ó ń dójú ti ẹgbẹ́.

Inú bí mi gan-an. Gbogbo wa la mọ ẹni tó ń bá wí. Clyde, ọkọ Màmá Opal Stidham, ti kú, ìbọn onígi rẹ̀ sì ni màmá ń gbé wá sí pápá ní gbogbo Sátidé. Ó ní bí òun bá ti gbé e sí èjìká, òun á gbóòórùn òróró tí Clyde fi máa ń pa igi náà. Kò ní òmíràn, kò sì fẹ́ òmíràn. Bí àbá Royce bá wọlé, Sátidé màmá ti parí nìyẹn.

Lọ́jọ́ ìpàdé, a kọ́kọ́ díje ká tó dìbò. Pátákó tí à ń yìnbọn sí tò sí òkèèrè, nọ́ńbà gàdàgbà wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan nínú wa wà nínú kòtò lẹ́yìn òkìtì iyẹ̀pẹ̀ níbẹ̀, àwọn ló ń fa pátákó sọ̀kalẹ̀ tí wọ́n ń ka ihò. Ọta tí kò bá kan pátákó rárá, àsíá pupa ni wọ́n ń jù fún un látinú kòtò. Burl ní ká fi àsíá yẹn sílẹ̀, pé ó ń dójú ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

“Rárá o!” ni Royce ké. “Ẹni tí ò lè yìn, kójú tì í!”

Ó na gbalaja sórí ẹní, Màmá Opal na tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

“Màmá, bí igi yín bá ń hu ewé, ẹ má jẹ́ kó dí mi lójú o!”

“Yìnbọn ẹ, ọmọ mi.”

Burl pàṣẹ, ìbọn dún. Oníkálukú yin ọta mẹ́wàá, wọ́n sì fa pátákó sọ̀kalẹ̀. Nígbà tó di orí ti Royce, àsíá pupa yọ. Ó wọlé, ó tún yọ. Ó yọ títí, ó pé mẹ́wàá. Darlene rọra fa fìlà rẹ̀ bojú.

Royce já rédíò tí a fi ń bá àwọn ará kòtò sọ̀rọ̀ gbà lọ́wọ́ Burl. “Denver Napier! Ṣé o lójú nínú kòtò yẹn? Àárín gbùngbùn lọta mi ń wọ̀, mo fi awò mi rí i!”

“Bọ̀dá Royce,” ni Denver dáhùn, “pátákó yín mọ́ tónítóní. Èèyàn lè fi jẹun.”

Ìgbà náà ni pátákó Màmá Opal gòkè, ihò kún inú rẹ̀ bí asẹ́. Royce fò dìde.

“Ogún! Ogún ihò! Mẹ́wàá lòfin sọ! Jìbìtì rèé o! Ẹ lé e jáde!”

“Royce, fi pẹ̀lẹ́ ṣe,” ni Burl sọ. “Èmi ni mo ka ọta fún màmá. Mẹ́wàá ló yìn.”

“Ta ló wá yin mẹ́wàá yòókù?”

Gbogbo èèyàn ló ti mọ èsì ọ̀rọ̀ yẹn, àfi ẹni tó béèrè.

Burl bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọjú wo inú awò ńlá náà. “Nọ́ńbà pátákó dà níbí?”

“Nọ́ńbà wo?”

“Awò ẹ fa nǹkan mọ́ra débi pé àárín pátákó nìkan ló ń fi hàn. Pátákó ta lo dojú kọ láti àárọ̀?”

“Tèmi ni!”

“Ti màmá ni.”

Ẹ̀rín bú. Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí, mi ò sì tọrọ gáfárà.

“O ṣeun tó o bá mi fi kún un, ọmọ mi,” ni Màmá Opal wí. “Ṣùgbọ́n kò tíì rẹ̀ mí.”

Wọ́n gbé pátákó tuntun fún un, ó tún yìn. Gbogbo ọta rẹ̀ ló wọnú àmì dúdú, kò sí àsíá kankan.

Ní ẹgbẹ́ wa, ẹni tí àsíá yọ fún jù ló ń lọ rọ́pò àwọn ará kòtò kí wọ́n lè wá jẹun. Royce ní òun tóun fẹ́ ṣe alága kò lè wọ kòtò.

“Alága náà ń wọ̀ ọ́,” ni Burl fèsì.

Bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀gágun ṣe wọ kòtò tòun ti ṣòkòtò tó lọ̀ gbọọrọ. A kó ìbọn kalẹ̀, a pín kọfí, Burl sì fi rédíò ké sí i pé ìdìbò lórí àbá rẹ̀ ti yá, kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn nawọ́.

Kò sọ́wọ́ tó gòkè. Àna rẹ̀ tó fi kápẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ tí Royce fún un tẹ́ ilé ń wá nǹkan nínú kọfí. Darlene kó ọwọ́ méjèèjì sápò.

Lójijì, àsíá pupa yọ látinú kòtò, ó ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Denver, tó ti dé ọ̀dọ̀ wa, gbé búrẹ́dì kúrò lẹ́nu. “Ìbò nìyẹn ni, àbí ẹnì kan tún tàsé?”

Màmá Opal ń nu igi ìbọn rẹ̀, kò tiẹ̀ gbójú sókè.

“Royce ni,” ó ní. “Ó tàsé.”