Ọjọ́ Ìbí Mi Tí Kọ̀ǹpútà Kọ̀

Mo lè gbàgbé ọjọ́ ìgbéyàwó mi, ṣùgbọ́n ọjọ́ Àìkú kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìkẹ́rẹ́ tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọn ó fi sin mí.

Ipò Ìyá Ẹgbẹ́ ló ṣófo. Obìnrin tó bá dàgbà jù ló ń jẹ ẹ́, àwa méjì ló sì kù: èmi àti Ìyá Bùnmi, tó ti ń pè mí ní àbúrò láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ní oṣù márùn-ún lòun fi jù mí lọ. N ò gbà fún un rí. Nílé ìwé, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án ló ń pè ní ọjọ́ ìbí rẹ̀, oṣù tí kò ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ.

Ọmọ mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà n'Íbàdàn ti kọ́ mi ní Python, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ni mo bá ní kí n fi bá ẹgbẹ́ ṣe ìwé orúkọ àti ọjọ́ ìbí. Mo kọ ọ́ débi pé bí ẹnikẹ́ni bá tẹ ọjọ́ tí kò sí, yóò dá a padà. N ò gbàgbé oṣù kejì: ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ni, àfi lọ́dún tó bá ṣeé pín sí mẹ́rin láìsí ìyókù. Mo ṣáà ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Èsì tí yóò fún aláṣìṣe, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́: "Ọjọ́ yìí kò sí. Padà lọ bi ẹni tó bí ọ." Ìyá Bùnmi ni mo kọ ọ́ dè.

Nígbà tó kàn án lọ́jọ́ Àìkú yẹn, ó sọ tirẹ̀: ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹsàn-án. Kọ̀ǹpútà gbà á. Ó ní àtìgbà tóun ti mọ kàlẹ́ńdà kà lòun ti tún un ṣe.

Mo fìbínú tẹ tèmi: ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kejì, pẹ̀lú ọdún tó wà nínú ìwé ọjọ́ orí mi. Mo máa ń fi yangàn pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún mẹ́rin ni wọ́n ń rí irú mi. Lójú gbogbo ìjọ, lára ògiri tí a tan àwòrán sí, kọ̀ǹpútà ní kí n padà lọ bi ẹni tó bí mi.

Bàbá mi, àgbẹ̀ kòkó, ló búra ọjọ́ orí mi ní kóòtù kí wọ́n tó gbà mí sílé ìwé. Ó ní ìparí oṣù kejì ni. Akọ̀wé kọ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ọdún tó kọ mọ́ ọn kò ṣeé pín sí mẹ́rin. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi láti kékeré, ṣùgbọ́n èmi olùkọ́ ìṣirò kò ṣírò rẹ̀ wò rí.

Ìyá Bùnmi rọra di ọwọ́ mi mú. "Àbúrò mi, wọn ò tíì bí ọ. Dìde, jẹ́ á lọ sí ulé."

Òun ló jẹ Ìyá Ẹgbẹ́. Ẹni tó bá hun ajọ̀, kó kọ́kọ́ fi jọ gààrí tirẹ̀.

Lọ́dọọdún báyìí, ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kejì, ó máa ń gbé iyán wá fún mi. Ọjọ́ ìbí tó yá mi nìyẹn. N ò tíì pè é ní ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n mo máa ń jẹ iyán náà tán, n ó wá jókòó, n ó máa fi ara mi rẹ́rìn-ín.