Èènì Píkọ́ọ̀pù Láńlẹ́hìn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò lè ra ọjà kẹ́ ẹ má tọrọ èènì, ṣé ẹ tiẹ̀ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé: "Kí o tó fún oníbàárà ní èènì, wo ẹni tó jókòó lé e"? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú ni mo ti ń ta epo pupa, kò sóhun tí èènì ò lè fojú ọlọ́jà rí.

Ọkùnrin kan wà ní Ìrágbìjí, Láńlẹ́hìn lorúkọ rẹ̀. Ó jogún píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kan, ó ní òun á tún un ṣe dà bíi tuntun. Ó tú u palẹ̀. Ó kun apá kan, ó fi apá kejì sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bi í, "Ó kù díẹ̀" ni. Kí díẹ̀ yẹn tó pé, wọ́n ti fi ilẹ̀kùn ọkọ̀ sé ilé ewúrẹ́, wọ́n ti fi ìdérí ẹ́ńjìnnì bo kànga, ìjókòó rẹ̀ sì ti di àga àlejò lẹ́nu ọ̀nà.

Wúràọlá ìyàwó rẹ̀ wá bímọ. Ìyá Wúràọlá ń bọ̀ wá wẹ ọmọ.

"Bàbá Ìkókó, bí màmá mi bá bá irin yìí nínú àgbàlá, èmi àtọmọ á bá wọn padà."

Ara Láńlẹ́hìn ò balẹ̀ mọ́. Kò lè jẹun, kò lè jókòó. Nígbà tí Kásúmù tó máa ń ra ọkọ̀ àtijọ́ dé, títì ló ti sáré pàdé rẹ̀.

"Ọkọ̀ rèé! Mo ti bá ọ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ìwọ á kàn parí ẹ̀ ni."

"Èyí tí ò nílẹ̀kùn yìí?" Kásúmù yí i po, ó pòṣé. "Ó dáa, mo gbà. Èènì mi ńkọ́?"

"Gbogbo ohun tó bá jẹ́ ti ọkọ̀ yìí, tójú ẹ rí nínú ilé yìí, èènì ẹ ni. Ṣáà tètè máa gbé e lọ!"

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ọlọ́jà wo ló ń ní kí oníbàárà fọwọ́ ara ẹ̀ bu èènì?

Kásúmù fa ilẹ̀kùn ilé ewúrẹ́ yọ. Ewúrẹ́ tú síta, wọ́n kọrí sí ẹ̀lùbọ́ tí Wúràọlá sá. Kásúmù gbé ìdérí kúrò lórí kànga, àkùkọ tó ń sá fún ewúrẹ́ já sómi. Bí Láńlẹ́hìn ṣe ń lé ewúrẹ́ ló ń fi korobá wá àkùkọ. Kò mọ̀ pé ìyá ìyàwó òun ti dé, wọ́n ti fìdí balẹ̀ sórí ìjókòó ẹnu ọ̀nà.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ dìde," Kásúmù bẹ̀ wọ́n. "Láńlẹ́hìn ti fi ohun tẹ́ ẹ jókòó lé yìí ṣe èènì fún mi."

"Ta ló bí ẹ? Láti Ìkìrun ni mo ti ń bọ̀, orúnkún ń ro mí. Mi ò dìde!"

Kásúmù àti awakọ̀ rẹ̀ bá gbé ìjókòó tòun tìyá sẹ́yìn ọkọ̀ tó fẹ́ wọ́ píkọ́ọ̀pù lọ. Wúràọlá gbọ́ igbe, ó pọn ọmọ, ó fò gun ọkọ̀ tọ̀ wọ́n.

Láńlẹ́hìn já sí títì, korobá lọ́wọ́. "Kásúmù! Ìyàwó mi ò sí lára ohun tí mo tà!"

Ìyá ló dá a lóhùn látòkè: "Àna mi, ìwọ lo fi mí ṣe èènì! Awakọ̀, ó yá, Ìkìrun!"

Irin kúrò nínú àgbàlá lóòótọ́. Ó wá ku Láńlẹ́hìn àti ewúrẹ́.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ní kí n bu díẹ̀ lé epo yín, tí mo kọ́kọ́ wo ìdí agbè yíká, ẹ má bínú. Kéèyàn tó fún oníbàárà ní èènì, kó wo ẹni tó jókòó lé e.