Bọ̀dá Gègé Wúrà àti Ẹ̀dà Àwọn Ọ̀gá

Ẹ kọ́kọ́ bá mi kí Bọ̀dá Gègé Wúrà kí ẹ tó jókòó. Bí ẹ ò bá kí i, yóò kí ara rẹ̀, ìyẹn sì máa ń pẹ́.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ni. Òun ló bá mi wá àyè ìkọ́ṣẹ́ nílé iṣẹ́ páálí tó ti jẹ́ akọ̀wé, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ẹni tá a bá fẹ́ràn náà la kúkú ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó ti pé ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, ó sì ti ń kọ lẹ́tà láti ọdún mọ́kànlélógún sẹ́yìn. "Bí mo bá kọ lẹ́tà sí òkúta," ló máa ń wí, "òkúta á fèsì!" Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní Gègé Wúrà, Baba Kọ́mà, Akọ-lẹ́tà-kí-ọ̀gá-ó-sunkún, Àmì-ìdánudúró-tí-kì-í-dánu-dúró. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, àwa la fi kún un.

Lóṣù tó kọjá, ipò ọ̀gá akọ̀wé ṣófo. Àwọn méjì ló ń dù ú: Bọ̀dá, àti Ìyá Atẹ̀wé, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tiwa. Olùdarí ní kí kálukú wọn kọ ìwé ojú méjì lórí bó ṣe máa ṣe iṣẹ́ náà, kó wá kà á níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. Ẹni tí tirẹ̀ bá dára jù ló nipò.

Wàhálà kan ló wà níbẹ̀. Kò sí sọ́fúwíà ìkọ̀wé nínú kọ̀ǹpútà Bọ̀dá. Ìyá Atẹ̀wé ti fi owó ara rẹ̀ ra tirẹ̀, Bọ̀dá sì yọ ṣùtì ètè.

"Kí n máa sanwó lọ́dọọdún torí kí n lè tẹ lẹ́tà?" Ó kọjú sí mi. " Èló lo ra tìẹ?"

"Mi ò rà á o, Bọ̀dá. Ilé ẹ̀kọ́ wa ló fún wa. Ọ̀fẹ́ ni fún akẹ́kọ̀ọ́."

Ojú rẹ̀ là bíi ti ológbò tó gbóòórùn ẹja.

Mo yára fi kún un: "Èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé náà wà, Bọ̀dá. Ẹ gbà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó máa ṣiṣẹ́ yín."

"Èyí tí gbogbo ayé ń lò? Èmi? Ti àwọn ọ̀gá ni mo fẹ́, ọmọ yìí. Mo kàn fẹ́ ẹ lọ́fẹ̀ẹ́ ni."

Ó wá a títí ó fi rí ilé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ kan lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Wọn kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tí kò bá tíì pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, wọ́n sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ wọn ní sọ́fúwíà náà. Gbogbo kíláàsì ló ti kún àfi ẹyọ kan: Lẹ́tà Kíkọ fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Bẹ̀rẹ̀.

Bọ̀dá fi ìka méjì tẹ fọ́ọ̀mù náà. Níbi ọjọ́ orí, ó tẹ mọ́kàndínlógún.

"Bọ̀dá! Èmi gan-an ti jù bẹ́ẹ̀ lọ!"

"Ṣé o rí i? Ó yẹ kí n máa pè ẹ́ ní àǹtí."

Kò fẹsẹ̀ kan kíláàsì náà rí. Ṣùgbọ́n bí sọ́fúwíà ti dé báyìí, a ò gbádùn mọ́. "Ẹ̀dà àwọn ọ̀gá ni mo rà," ni yóò máa ké káàkiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Owó ẹ̀ ju owó oṣù ẹlòmíì lọ!" Á wá máa fojú wá Ìyá Atẹ̀wé.

Nígbà tó parí ìwé ojú méjì rẹ̀, inú fódà kíláàsì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló fi í pamọ́ sí, torí ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ fi hàn án.

Mo ní, "Bọ̀dá, tíṣà yín lè rí ohun tó bá wà níbẹ̀ o."

"Kó rí i," ló wí, "kó kẹ́kọ̀ọ́."

Ọjọ́ pé. Gbogbo wa péjọ sí gbọ̀ngàn. Ìyá Atẹ̀wé ka tirẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́rin, a pàtẹ́wọ́. Bọ̀dá dìde, ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó wúkọ́ ọlọ́lá lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fi ẹ̀rọ gbé ìwé rẹ̀ láti inú kọ̀ǹpútà sára ògiri.

"'Ní òwúrọ̀ ayé mi,'" ló bẹ̀rẹ̀, "'nígbà tí ọgbọ́n kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn mi...'"

Ọ̀rọ̀ pupa kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà àkọ́kọ́, ó ń tò bí ìjàlọ: *Ọmọ mi, ta lò ń kọ ọ́ sí? Kọ́kọ́ kí i.*

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Bọ̀dá yíjú padà.

"Ta ló ń tẹ̀ ẹ́?"

Ìyá Atẹ̀wé na ọwọ́ méjèèjì sókè. Èmi náà na tèmi.

*Gbólóhùn yìí gba ìlà mẹ́sàn-án. Jẹ́ kí ẹni tó ń kà á mí.* Awakọ̀ ilé iṣẹ́ ló kà á sókè láti ẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ sì tóbi ju ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Bọ̀dá tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́: TA NÌYẸN?

*Tíṣà ẹ ni. Káàbọ̀! Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo ti pe orúkọ ẹ ní kíláàsì tí o ò dáhùn. Mo rò pé ara ẹ ò yá ni.*

Olùdarí bọ́ jígí ojú rẹ̀. "Tíṣà kẹ̀? Tíṣà kí ni?"

"Ọ̀tá ni, sà! Íńtánẹ́ẹ̀tì ti kún fún ọ̀tá!" Ó tún ń tẹ̀: MO TI FI OGÚN ỌDÚN KỌ LẸ́TÀ KÍ O TÓ MỌ̀WÉ!

Tíṣà fèsì: *Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún lo pe ara ẹ nínú fọ́ọ̀mù. Kò burú, a ó kọ́ ẹ ní ìṣirò náà.*

Gbọ̀ngàn dàrú. Awakọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Pa á!" ni Bọ̀dá ké. "Ọmọ yìí, pa á!"

Mo fẹ́ pa á, mo fi màmá mi búra. Ẹ̀rín ni kò jẹ́ kí ọwọ́ mi rọ́nà.

*Sọ́fúwíà ọ̀fẹ́ tá a fún ẹ, ti àwọn tó ń wá sí kíláàsì ni. Mo fún ẹ ní mẹ́rin nínú ogún. Má banú jẹ́, ṣebí o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Aago márùn-ún la ń bẹ̀rẹ̀ lónìí. Mú pẹ́ńsùlù dání.*

Ìyá Atẹ̀wé rọra bi ẹni tó jókòó tì í pé, "Ṣé ẹ̀dà àwọn ọ̀gá nìyẹn?"

Olùdarí dìde, ó bọ Ìyá Atẹ̀wé lọ́wọ́, ó kí i kú oríire ipò tuntun. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè wo aago ara ògiri.

"Ọ̀gbẹ́ni," ló wí fún Bọ̀dá, "aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú. Ẹ máa lọ, kí wọ́n má baà fi yín jókòó sẹ́yìn."

Bọ̀dá gbé báàgì rẹ̀. Bó ṣe ń kọjá, ṣe ni wọ́n ń là fún un bí ẹni pé ọba ń kọjá, ẹ̀rín ni wọ́n sì fi ń kí i.

Mo sáré bá a lẹ́nu géètì, mo na pẹ́ńsùlù sí i. Ó wò ó. Ó wò mí.

"Èló ni?"

"Ọ̀fẹ́ ni, Bọ̀dá."

Ó gbà á.