Ọmọ Tí Káfíńtà Gbé Wálé

Káfíńtà tó múlé tì wá gbé ọmọ ọlọ́mọ wálé lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé tó kọjá. Kì í ṣe pé ó jí ọmọ gbé o. Ọmọ tirẹ̀ ló lọ mú níléèwé.

Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rọ́ obìnrin náà lórí àtẹ̀gùn, ó wú bí ìrọ̀rí, ló bá ní kí bàbá lọ bá òun mú ọmọ. Ọkọ ní kí ló le níbẹ̀. Ó gbọn lẹ́búlẹ́bú pákó kúrò lára, ó gun alùpùpù rẹ̀, ó di fììì.

Kò dé iléèwé yẹn mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi orúkọ ọmọ sílẹ̀. Nígbà yẹn, yàrá kan, tíṣà kan ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ ló kún àdúgbò wa fọ́fọ́, wọ́n ń fẹ́ra wọn, wọ́n ń bímọ, ọmọ ń ya wọ iléèwé lọ́dọọdún, kò sì sẹ́ni tó kọ́ yàrá kún yàrá. Ní báyìí, tíṣà méjì ló ń pín yàrá kan. Ọ̀kan kọjú sí ògiri tibí, ó ń kọ́ tiẹ̀ ní ìṣirò. Èkejì kọjú sí ògiri tọ̀hún, ó ń kọ́ tiẹ̀ lórin.

Àwọn tó jókòó sáàárín ń fi orin ṣe ìṣirò.

Aago lù, gbanran! Gìrìgìrì, gìrìgìrì, àwọn ọmọ tú jáde, ilẹ̀ ń mì. Aṣọ kan náà ni gbogbo wọn wọ̀, wọ́n gé irun wọn mọ́lẹ̀ tọkùnrin tobìnrin, eruku sì ti fi ọ̀dà kan ṣoṣo kun gbogbo wọn lójú.

Ojú káfíńtà ń ṣe wìnnìwìnnì.

Ló bá rò ó pé ọmọ á mọ ohùn bàbá rẹ̀. Nílé, "Màmá mi" ló máa ń pè é. Ó fi gbogbo agbára kígbe: "Màmá mi!"

Ìdajì iléèwé dáhùn.

Àṣé gbogbo bàbá àdúgbò ló ń fi orúkọ yẹn kẹ́ ọmọ wọn! Wọ́n rọ́ bò ó. Ọ̀kan fò lé ẹ̀yìn alùpùpù, ó dì í mú pinpin, ó ní kí àwọn máa lọ, ebi ń pa òun. Bí ebi ṣe máa ń pa ọmọ tirẹ̀ náà nìyẹn. Káfíńtà ní ọpẹ́ ni, ó tẹná mọ́ ọn.

Wọ́n délé. Ọmọ kúnlẹ̀ kí ìyá, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Ibẹ̀ ni ìyá ti fura.

"Bàbá ọmọ mi, ta nìyí?"

"Ta lo tún fẹ́ kó jẹ́? Ọmọ rẹ ni."

"Ọmọ mi kì í bọ́ bàtà."

Ọkọ ní eruku ló yí ọmọ lójú padà, kí wọ́n fọ ojú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ ló túbọ̀ ń di ọmọ ẹlòmíì. Wọ́n bi í léèrè ibi tí bàbá rẹ̀ wà, ó tọ́ka sí káfíńtà, ó ń jẹun lọ. Wọ́n ní ṣé ó dá a lójú. Ó ní bàbá òun kọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni ìyá àgbà fi ń wá mú òun, alùpùpù sì yá ju ẹsẹ̀ lọ.

Ẹ̀rín ń pa mí!

Ẹ̀rín ò pa káfíńtà ní tiẹ̀. Ta ló mú tirẹ̀ lọ? Ó gbé ọmọ sẹ́yìn alùpùpù, ó sáré padà síléèwé.

Ọ̀gá iléèwé jókòó sẹ́nu géètì, ó ń bó ọsàn. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ṣé ẹ wá dá ọmọ padà ni? Ẹ lọ tò sẹ́yìn àwọn yẹn."

Káfíńtà wo ẹ̀yìn. Àwọn òbí tò sórí bẹ́ǹṣì, oníkálukú gbé ọmọ ọlọ́mọ dání. Obìnrin kan di méjì mú, ó ní ẹyọ kan lòun fi ránṣẹ́ síléèwé láàárọ̀. Ọ̀gá ní kí wọ́n fara balẹ̀, ìjọba ti ṣèlérí tíṣà kẹta fún yàrá yẹn. Àjà nìyẹn á máa kọjú sí.

Kò pẹ́ tí ìyá àgbà kan fi fa ọmọ kan dé. Ara ọmọ ń dán, wọ́n ti gé èékánná rẹ̀, wọ́n ti rán ibi tí aṣọ rẹ̀ ti ya, ó sì ń ka "èjì lọ́nà méjì" lọ́nà tó já geere. Káfíńtà wò ó fún ìgbà díẹ̀ kó tó mọ̀ pé ọmọ òun ni.

Ìyá àgbà bẹ̀ ẹ́. Ó ní ojú òun ò ríran dáadáa mọ́, ìgbà tí òun bu omi lé e lórí tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú òun lòun mọ̀ pé ti òun kọ́, ṣùgbọ́n òun ò lè fi ọmọ sílẹ̀ lábọ̀ ìwẹ̀. Wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀. Àwọn ọmọ méjèèjì fi igbe ta.

Títí káfíńtà fi délé, ẹ̀bẹ̀ tó máa bẹ ìyàwó ló ń tò lẹ́nu. Ìyá gba ọmọ. Ó wo etí rẹ̀, ó wo èékánná rẹ̀, ó na aṣọ tí wọ́n rán, ó tún gbọ́ "èjì lọ́nà méjì" dé òpin. Lẹ́yìn náà ló fa ọkọ rẹ̀ mọ́ra, ó rọra sọ̀rọ̀ sí i létí:

"Tí ẹ bá tún lọ lọ́la, ẹ má wulẹ̀ wojú ọmọ jù."