Táyà Tí Mo Fún Ní Òògùn Mu

Ọjọ́ kan wà tí ọkàn mi kọ̀ láti gbàgbé: ọjọ́ tí mo gbé bàbá ìyàwó mi lọ fún iṣẹ́ abẹ ojú. Bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, ojú á kọ́kọ́ tì mí kí ẹ̀rín tó pa mí.

Dádì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, àdúgbò Raji Rasaki ni wọ́n sì ń gbé. Ojú wọn ti ṣú débi pé àwọn ọmọ-ọmọ wọn ló ń ka Bíbélì fún wọn. Oṣù mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi dúró de ọjọ́ yìí. Ilé ìwòsàn sì ti kìlọ̀ pé aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni, ẹni tó bá pẹ́ yóò tún lọ tò láti ẹ̀yìn. Èmi ni mo yọ̀ǹda ara mi pé n ó gbé wọn. Ta ló rán mi níṣẹ́?

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú, mo rí i pé táyà iwájú kan ti ń jò. Fọkanáísà wà ní ìkángun àdúgbò wa ní Festac, ṣùgbọ́n mo ti wo fídíò kan lórí fóònù, níbi tí ọkùnrin kan ti da òògùn olómi sínú táyà tí kò ní túùbù, tí ihò sì dí fúnra rẹ̀. Ni mo bá gba ọjà Trade Fair lọ. Ẹni tó ń tà á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìṣó wọlé, ìṣó jáde, ó ti dí nìyẹn. Ike kan ti tó táyà kan o." Èmi ọ̀mọ̀wé, ike méjì ni mo rà, mo sì da méjèèjì sínú táyà kan ṣoṣo. Wọ́n kọ ọ́ sára ike pé kí èèyàn wa mọ́tò káàkiri díẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí omi náà lè yí ká inú táyà. Ebi ń pa mí. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo wọlé lọ jẹ ẹ̀bà.

Ìyàwó mi ní, "Ṣé ẹ ti gbé táyà yẹn dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà?"

"Fọkanáísà kẹ̀? Ayé ti kúrò níbẹ̀ jàre."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, táyà náà tún rọ̀ díẹ̀. Mo fẹ́ ẹ, mo fi ẹsẹ̀ gbá a, mo sì ń súfèé lọ sí Raji Rasaki. Mo dọ̀bálẹ̀ kí Dádì, mo ṣílẹ̀kùn iwájú fún wọn, a gbéra.

Kò pẹ́ tí mọ́tò fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bí mo ṣe ń sáré sí i ló ń gbọ̀n sí i, nítorí òògùn ike méjì ti dì pọ̀ sí ojú kan nínú táyà. Dádì di ìlẹ̀kùn mú.

"Bàbá Tímí, ṣé ọ̀nà ni?" Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọmọ wọn, wọn kì í fi "ìwọ" bá mi sọ̀rọ̀.

"Ọ̀nà ni, sà. Ìjọba yìí ò ṣe nǹkan kan sí i."

Ọ̀nà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọ̀dà sí la wà. Mo mọ̀ pé wọn ò ríran dáadáa, mo wá fi irọ́ dí i. Ọlọ́run dárí jì mí. Ṣùgbọ́n àna ni wọ́n. Báwo ni n ó ṣe ní kí àna mi sọ̀ kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nítorí táyà? Mo kàn ń wà á lọ.

A sún mọ́ Mazamaza nígbà tí oníkẹ̀kẹ́ kan wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ń juwọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró o! Ilá ń jáde lẹ́sẹ̀ mọ́tò yín!"

Mo dúró. Òótọ́ ló sọ. Nǹkan aláwọ̀ ewé kan tó ń yọ̀ ti ṣàn ká ẹ̀gbẹ́ mọ́tò. Mo bẹ̀rẹ̀ kí n wò ó dáadáa, táyà sì tu ìyókù sí mi láyà àti nírùngbọ̀n. Táyà àfirọ́pò tí mo fi pamọ́ sí búùtù kò ní atẹ́gùn kankan nínú.

Fọkanáísà àgbàlagbà kan wà nítòsí. Ó yọ táyà, ó fi ìka tọ́ ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ibí ló ti ya. Ihò ìṣó lójú táyà ni òògùn yín lè dí, kò lè dí ẹ̀gbẹ́." Bó ṣe tú u, ilá ya lu ṣòkòtò rẹ̀. "Háà! Ta ló se èyí?"

Mo ní bóyá ẹni tí mo ra mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ó wo ike òfìfo méjì tó wà níjòókòó ẹ̀yìn, ó sì wo irùngbọ̀n mi.

Aago mẹ́jọ àbọ̀ ti lù. Oṣù mẹ́rin bàbá olóyàyà yìí fẹ́ ṣòfò nítorí ìgbéraga mi. Dádì fúnra wọn ló sọ̀ kalẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká wọ kẹ̀kẹ́." Oníkẹ̀kẹ́ tó pè wá ṣì dúró tó ń wòran, òun náà ló gbé wa. Mo fi mọ́tò sílẹ̀ fún fọkanáísà, mo di ọwọ́ àna mi mú nínú kẹ̀kẹ́, n kò lè gbójú sókè.

Orúkọ Dádì ni nọ́ọ̀sì ń pè lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí a wọlé. Ó wo àwa méjèèjì, ó sáré di apá mi mú. "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ẹ rọra jókòó. Kí ló ń jáde lára yín?"

"Èmi kọ́," ni mo ní. "Bàbá ló ń ṣàìsàn."

Wọ́n kán òògùn sójú Dádì, wọ́n ní ká dúró díẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Èmi ni mo ba táyà yẹn jẹ́. Kò sí nǹkan tó ṣe ọ̀nà yẹn."

"Mo mọ̀," ni Dádì wí. "Ojú ló ń dùn mí, etí mi ò di. Láti ẹnu géètì wa ni mo ti ń gbọ́ tó ń ṣe ṣíì."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi, sà?"

"Ẹ dọ̀bálẹ̀ fún mi, ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi. Ṣé kí n wá sọ fún ọkọ ọmọ mi pé mọ́tò rẹ̀ ò dáa ni?"

A wo ara wa. Dádì bú sẹ́rìn-ín, èmi náà bú sẹ́rìn-ín, nọ́ọ̀sì sì ní ká má pariwo. Mo ń bọ̀wọ̀ fún àna, àna ń bọ̀wọ̀ fún mi, ojú Dádì ni ìbá sì bá a lọ. Ọ̀wọ̀ àna dára púpọ̀, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ibi tó ti dí ihò táyà.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ojú Dádì, mo wá gbé wọn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣílẹ̀kùn. Wọn ò wọlé. Wọ́n yí mọ́tò ká, wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó ní, "Ó dáa, Bàbá Tímí, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Mo rẹ́rìn-ín. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?