Omi Apàmìrẹ́

Ẹ bá mi kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Hezekiah Adéyẹmọ, agbọ́n tí í ta ni láì ní oyin! Fáìlì ló ń tò ní mínísírì kan l'Ábújá títí ó fi fẹ̀yìn tì. Yunifásítì tó fi í jọ̀jọ̀gbọ́n, òun nìkan ló mọ ọ̀nà ibẹ̀. Àgbà tó ra awò ojú tí kò ra ìwé, tábìlì ni yóò máa wò.

Ní Sátidé kan lọ́dún 2018, ó kó wa jọ sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Lugbe.

"Ẹ̀yin ará, ìwé iṣẹ́ kan wà nínú ara wa, RNA lorúkọ rẹ̀. Àmì bíńtín lórí ìwé yìí lè mú kí jẹjẹrẹ kúrò lọ́mú, kó dé ẹ̀dọ̀fóró!"

Ìyẹn kì í ṣe irọ́; àwọn onímọ̀ ń wádìí rẹ̀. Ìgbà tó gbé ìgò sókè nirọ́ bẹ̀rẹ̀.

"Omi mi ń pa àmì náà rẹ́! Igba ẹgbẹ̀rún náírà péré."

Ó kọjú sí Ìyáàfin Fẹ̀yìntọlá, tíṣà Yorùbá. Kókó ti yọ sí i lọ́mú. Ọjọ́ Ajé ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Owó ọsibítù wà lápò Thomas, ọkọ rẹ̀.

"Màmá, ẹ fọsibítù sílẹ̀. Ẹ̀mí yín dọwọ́ mi."

Thomas ti kọwọ́ bàpò. Ìyàwó rẹ̀ di ọwọ́ náà mú. Bánà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n so mọ́ ògiri ló ń wò. Ó kà á sókè bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì:

"OMI TÓ Ń JẸ́ KÍ JẸJẸRẸ TÀN. Ọ̀gá, kó tàn kẹ̀? Ṣé kó kárí ara mi ni?"

"Kó tán ni, Màmá! Kó parí! Èmi fúnra mi ni mo fàmì sí i. Tán, tàn, àmì kékeré lásán, kí ló lè ṣe?"

"Hẹ̀n-ẹ́n! Ṣebí ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní àmì kékeré ń pààyàn?"

Gbọ̀ngàn hó yèè. Àlímì tó ń ṣọ́ géètì yọrí wọlé: "Kai, Bàbá! Ẹ da omi yín sí bánà, kó pa àmì yẹn rẹ́ ká rí i!"

Ìgbéraga ò jẹ́ kí Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ̀. Ó da gbogbo omi inú ìgò náà sí i, ó ṣàn sára ìgò àti agbádá rẹ̀. Àmì dúró digbí. Bébà ara ìgò ló rọ̀, tó bọ́. Orúkọ omi tí wọ́n ń tà fáwọn onímọ́tò níkòríta ló yọ lábẹ́ rẹ̀, gbàgàdà.

Ìyáàfin Fẹ̀yìntọlá gba owó lápò ọkọ, ó tì í sínú báàgì ara rẹ̀. "Dádì Rosemary, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ọjọ́ Ajé ò jìnnà."

Pẹ̀lú agbádá tó ń ro tótó, Ọ̀jọ̀gbọ́n sáré tẹ̀ lé wọn dé ẹnu ọ̀nà:

"Màmá! Ẹ wá gba méjì níye ọ̀kan!"