Bí Lọ́yà Vandergrift Ṣe Pàdánù Kí Ẹjọ́ Tó Bẹ̀rẹ̀

Lọ́yà tó gbọ́n jù ní gbogbo ìlú Erie, ní Amẹ́ríkà, ni Clayton Vandergrift. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Òun fúnra ẹ̀ ni. Àwòrán ojú ẹ̀ wà létí títì márosẹ̀, ó tóbi ju ilé bàbá mi lọ, eyín ẹ̀ kan tó fèrèsé. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọn ò mọ Vandergrift ni. Tiẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ oníbàárà ló ń kó o bá.

Oníbàárà ọ̀hún ni Darla Nowicki, tó ń ṣe búrẹ́dì. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun ló gbá ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ mú, kò lè di ọ̀bẹ mú mọ́. Ìpínlẹ̀ míì ni iléeṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà wà, ìyẹn ló gbé ẹjọ́ tó pè wọ́n dé kóòtù ìjọba àpapọ̀, níwájú júrì, ìyẹn àwọn ará ìlú tí wọ́n máa ń pè wá dá ẹjọ́. Tí Darla bá pàdánù, ọwọ́ ti lọ, iṣẹ́ ti lọ, ó parí.

Ẹni tó bá ń múra irú ẹjọ́ báyìí sílẹ̀ máa ń kó júrì ìdánrawò jọ, á rojọ́ fún wọn, á wo ohun tí wọ́n máa sọ. Imogen Doyle, lọ́yà tí òun àti Vandergrift jọ ń ṣiṣẹ́, kìlọ̀ fún un. Ẹ mọ irú obìnrin tó máa ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àga kó tó jókòó? Òun nìyẹn. Ó ní ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń kó júrì ìdánrawò wá, níbi tí kóòtù tiwa kì í ti í pe júrì.

"Imogen, àwọn ará ọ̀nà jíjìn ò mọ̀ mí," ni Vandergrift wí. "Tí mo bá dá bírà tán, ta ló máa ròyìn ẹ̀ ládùúgbò?"

Ló bá kó wa jọ ládùúgbò. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi náà wà níbẹ̀, nínú yàrá abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń dín ẹja lọ́jọ́ Ẹtì. Ó fún wa ní búrẹ́dì róbótó tí wọ́n fi ẹran sínú, ó wá bẹ̀rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ó sunkún. Ó sọ ti ife-ẹ̀yẹ tó gbà níléèwé. Ìgbà tí ẹran tán ló tó rántí pé Darla lọ́wọ́. A wọ ilé ìdáná lọ gbìmọ̀, a ò pẹ́ níbẹ̀ rárá, a jáde: ó pàdánù.

Ojú ẹ̀ pọ́n bíi tòmátì. Ó ní a ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni, ó mú wa búra. Lẹ́yìn náà ló pe Darla lórí fóònù pé gbogbo wa ló sunkún. Kò parọ́. Ẹni tó bá yán títí, omi á bọ́ lójú ẹ̀. Ìyẹn ni Darla gbọ́ tó fi kọ̀ nígbà tí iléeṣẹ́ náà ní kí wọ́n wá parí ọ̀rọ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí.

Ọjọ́ ẹjọ́ pé. Mo lọ jókòó lẹ́yìn, kí n lè gbádùn ara mi. Wọ́n kó àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣa júrì nínú wọn wọlé. Ta ni mo rí láàárín wọn? Mama Lorraine Szymczak, tó fi ọjọ́ ayé ẹ̀ wa ọkọ̀ àwọn ọmọ iléèwé, tó sì ṣe agbẹnusọ wa nílé ìdáná. Vandergrift ò rí i. Táì ọrùn ẹ̀ ló ń tún ṣe.

Adájọ́ bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni mọ àwọn lọ́yà tàbí ẹjọ́ yìí. Mama Lorraine nawọ́ sókè.

"Olúwa mi, mo mọ lọ́yà yẹn, àmọ́ ó ní kí n má sọ."

"Níbí, ẹ máa sọ ọ́."

Vandergrift fò dìde. Adájọ́ ní kó jókòó.

"A ti dá ẹjọ́ yìí lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì," ni Mama wí. "Ó pàdánù."

Darla ò dúró kí wọ́n fún un láyè. "Ẹ ò gba ọ̀rọ̀ ọwọ́ mi gbọ́ ni, Mama?"

"A gbà á gbọ́, ọmọ mi. Ẹ̀rọ yẹn jẹ̀bi. Àmọ́ ẹnu ọkùnrin yìí la kọ́kọ́ dá lẹ́bi, ebi sì ti ń pa wá."

Adájọ́ ní kí gbogbo wọn máa lọ sílé, torí wọ́n ti gbọ́ ohun tí kò yẹ kí wọ́n gbọ́. Ẹjọ́ di ọjọ́ míì. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Darla na ọwọ́ òsì sí lọ́yà ẹ̀: "Imogen ló máa sọ̀rọ̀. Ìwọ, máa bá a gbé páálí ìwé."

Ọjọ́ náà pé, Imogen ò ṣe wàhálà. Ó gbé ọ̀bẹ ìgébúrẹ́dì fún Darla níwájú júrì. Ọ̀bẹ já bọ́. Imogen dúpẹ́, ó jókòó. Vandergrift wà láàárín àwọn páálí, ó pa ètè pọ̀ bí ẹni tó jẹ gọ́ọ̀mù. Júrì ní Darla jàre.

Ẹ rò pé ojú tì í? Ẹ gba etí títì márosẹ̀ kọjá. Wọ́n ti pààrọ̀ àwòrán yẹn. Ó pa ẹnu dé nínú èyí, wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ gàdàgbà: KÒ SÍ LỌ́YÀ TÓ MỌ̀ Ọ́N DÁKẸ́ TÓ VANDERGRIFT.